Ẹni Tó Wẹ Ìyá Khairiyyah

Bí ẹ bá dé ọjà Sandgrouse tí ẹ ní ẹ ń wá Ganiat oníìgbín, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Bí ẹ bá wá ní èyí tó máa ń wẹ òkú tẹ́lẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní nǹkan kan mọ́. Wọn á fi ẹnu júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún yín, wọn á sì máa wò yín lẹ́yìn bí ẹ ṣe ń lọ. Inú "tẹ́lẹ̀" tí ẹ fi kún un yẹn ni ìtàn yìí wà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, nínú agbo ilé baba rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kó padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òkú wíwẹ̀. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, bí Mùsùlùmí obìnrin kan bá ti kú ládùúgbò, Ganiat ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kí wọ́n tó pe àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀. Á fi ìgbín sílẹ̀ nínú agbọ̀n, á wọ ìbòrí, á mú ọṣẹ, kafúrà àti igbá rẹ̀, ó di ilé òkú. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: ohun tí ojú bá rí nídìí omi, kí ó bá omi wọlẹ̀ níbẹ̀. Ganiat sì pa òfin náà mọ́. Ó ti rí àpá ẹgba lẹ́yìn ìyàwó ẹni ńlá. Ó ti rí oyún tí ọkọ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sọ. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó lè mọ ohun tí o máa jẹ sùn kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọn ò rí nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu Ganiat.

Ó ti di ọdún méjì báyìí tí kò wẹ òkú kankan. Àwọn òkú ló kù tí wọn ò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ kírun, tí agbo ilé pa rọ́rọ́, á máa gbọ́ tí ẹnìkan ń da omi lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi náà máa ń dà, á dúró díẹ̀, á tún dà lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń da omi sí òkú lára gẹ́lẹ́. Bó bá jáde lọ wò ó, ilẹ̀ á gbẹ táútáú. Nígbà àkọ́kọ́, ó pariwo. Nígbà tó yá, kò pariwo mọ́. Á kàn jókòó sórí àpótí, á máa sọ pé, "Bilqis, àbúrò mi, mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́, jàre." Bí oorun ọ̀sán bá sì gbé e lọ, obìnrin mìíràn á wá dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ tutù rinrin. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní bínú. Ìyá Khairiyyah nìyẹn. Ẹ̀rù tirẹ̀ ló máa ń ba Ganiat jù, nítorí pé kò bínú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Iléyá ku bí oṣù kan lọ́dún náà. Ganiat ra àgbò kan nídìí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, ó so ó mọ́lẹ̀ nínú agbo ilé bí gbogbo ilé tó lágbára ṣe ń ṣe. Láràárọ̀, bó bá gbálẹ̀ tán, á jókòó ti ẹran náà, á máa tú etí rẹ̀, abẹ́ itan rẹ̀ àti ìdí ìrù rẹ̀ wò, á máa já eégbọn. Èyí tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó wú bí ẹ̀wà, á fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀jẹ̀ á ta sí i lọ́wọ́, á fi ìró nù ún. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé a tiẹ̀ máa bára wọn díje lórí ẹni tó máa pa jù. Ta ló ka eégbọn sí ohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù?

Ibà dé. Ó dá Ganiat dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méje. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Bilqis, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n níbi tó ti ń rán ìbòrí, ó wá tọ́jú rẹ̀. Òun ló fi ipá mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n sì ní kó fọwọ́ sí ìwé kan. Lọ́jọ́ kẹrin, imú Ganiat ṣẹ̀jẹ̀. Bilqis gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ àti etí ìbòrí rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àbí ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù ni? Ẹ jẹ́ kó dín kù díẹ̀, bóyá agídí yín á rọlẹ̀."

Ara Ganiat yá. Ó ti gbàgbé ẹ̀jẹ̀ imú náà tán.

Ọjọ́ kẹta tó dìde nílẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ wá pé ìyàwó Sùlè alápatà ti kú. Ìyá Khairiyyah ni gbogbo àdúgbò ń pè é, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ gé ẹran lórí àtẹ. Ibà ọjọ́ márùn-ún péré ló gbé e lọ. Nígbà tí Ganiat ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu òkú náà àti níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ dá. Ara Ganiat kò tíì le tó láti gbé òkú. Ó wo Bilqis, tó ti ń bá a ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún díẹ̀, ó ní, "Ìwọ bọ́ sí apá orí, èmi á máa da omi." Bilqis bọ́ síbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan ṣoṣo ló wà nílé, ó sì ti ya.

Lọ́jọ́ kẹta, ibà mú Bilqis. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ sí i tó kú sí ọsibítù. Àwọn tó wọ aṣọ rọ́bà láti orí dé ẹsẹ̀ ló dì í sínú ọ̀rá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí kafúrà. Ganiat tó ti wẹ ọmọ gbogbo ayé dúró lẹ́yìn wáyà, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun da igbá omi kan péré sí àbúrò òun lára. Wọn ò gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ ni Ganiat la ẹnu, tó rú òfin ìyá rẹ̀. Ilé kún fọ́fọ́. Àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn ṣe àmín ni, ló bá dìde dúró.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyàwó Sùlè ló pa àbúrò mi. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wẹ òkú bá sọ nípa òkú, ta ló máa jà á níyàn? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí fọ́, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ní ẹran tó kú fúnra rẹ̀ ni Sùlè ń tà fún wọn láti ọjọ́ yìí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe oògùn ni. Ẹran rẹ̀ jẹrà lórí àtẹ. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí Khairiyyah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bá ń kọjá. Kí oṣù tó parí, bàbá àti ọmọ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ganiat dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n, ó sì ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e ni omi kọ́kọ́ dà lẹ́yìnkùlé.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí Dókítà Dámilọ́lá wọ agbo ilé náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní òun wá tọrọ àyè láti já eégbọn lára àwọn àgbò wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹlòmíràn. Dókítà tó kàwé tó báyẹn, eégbọn ló wá ń já! Kò bá wọn jà. Ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú ìgò kéékèèké, kò sì fọwọ́ kan ẹyọ kan. Nígbà tó ṣe tán, ó béèrè Ganiat, ó jókòó tì í, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín wà lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi?"

"Èyí tí wọ́n fà nígbà tí ibà ń ṣe yín lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́ fún ìwádìí. Kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ní lábù. Màmá, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ló ṣe yín nígbà yẹn. Fáírọ́ọ̀sì kan ni, inú eégbọn ló ń gbé. Òun náà ló pa àbúrò yín."

Ganiat sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tó máa fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ńkọ́? Ti ìyàwó Sùlè ńkọ́?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé ẹ lè mọ ara ẹni tí Bilqis ti kó o?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ó ní ó ṣeé mọ̀, àmọ́ kí Màmá jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ó ní fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe oríṣi kan. Fáírọ́ọ̀sì náà ní ìdílé bí èèyàn ṣe ní, débi pé lára àgbò kan ṣoṣo, wọ́n lè rí eégbọn méjì tí ohun tó wà nínú wọn kò bára tan rárá. Bó bá wọ ara ẹni, á máa da ara rẹ̀ kọ láìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe àṣìṣe wẹ́wẹ́ nínú ohun tó ń dà kọ. Àwọn àṣìṣe yẹn làwọn ń kà. Ó yọ bébà kan jáde tí wọ́n ya igi ẹlẹ́ka sí. Ganiat wò ó, kò yé e. Ó tún un wò. Ó wá rántí ilé kéwú.

"Bíi wàláà," ó ní.

"Kí ni wàláà, mà?"

"Pákó tí a fi ń kọ́ kéwú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí Àlùfáà bá ní ká kọ súrà kan, àwọn ọ̀lẹ á máa wo ti ẹlòmíràn kọ. Àlùfáà kì í béèrè ta ló wo ta. Àṣìṣe ló máa ń wò. Bí mo bá fo lẹ́tà kan, ẹni tó wo tèmi náà á fò ó, á tún wá fi àṣìṣe tiẹ̀ lé e. Báyẹn ni Àlùfáà ṣe máa ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Á sì na àwa méjèèjì."

Ẹnu ya dókítà. "Màmá, ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà kọ́ mi nìyẹn."

Ganiat rẹ́rìn-ín. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà gbé ìka lé ẹ̀ka kan tó wà lápá òsì bébà náà. "Ti Ìyá Khairiyyah rèé. Àwọn tó bá a tan jù ni àwọn tí a rí nínú eégbọn màlúù. Òun àti tiyín ní baba ńlá kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pínyà kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá àwa náà. Ọkọ̀ akẹ́ran ló kàn kó wọn pàdé ní Èkó lọ́dún kan náà."

"Tèmi ńkọ́?"

Ìka náà rin ìrìn àjò gígùn lọ sí apá ọ̀tún. "Tiyín rèé, mà. Àṣìṣe mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí a ò rí lára ti ẹlòmíràn."

"Ti Bilqis?"

Ìka dókítà kò kúrò níbi tó wà. "Ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá ní ọ̀kan tiẹ̀."

Ganiat ti mọ̀. Ó wá ibi tó máa sá gbà. Ó rò ó pé bóyá ara àgbò yẹn náà ni Bilqis ti kó tiẹ̀, ṣùgbọ́n Bilqis kò fẹ́ràn àgbò láti kékeré. Ọ̀kan ti kàn án rí, kò sì sún mọ́ ọ̀kankan mọ́ títí tó fi kú. Orí itan Bilqis ni orí òun wà lọ́jọ́ kẹrin ibà. Etí ìbòrí ló fi nu ẹ̀jẹ̀ imú òun. Ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Bilqis wò kọ?"

"Màmá..."

"Sọ ọ́."

"Ẹ̀yin ni, mà."

Dókítà sọ gbogbo ohun tí èèyàn rere máa ń sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà, àwọn dókítà gan-an ò mọ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n má fi èékánná tẹ eégbọn pa mọ́, ẹni tó bá sì máa wẹ òkú, kó wọ ìbọ̀wọ́ tó dá ṣáṣá. Ganiat ń mi orí sí i. Kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀ Bilqis dùn ún dé egungun, àmọ́ ó rí ibi gbé e kà. Àìsàn là ń wò, a ò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe, ọwọ́ ìfẹ́ ni Bilqis sì fi gba ikú náà. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ńkọ́? Eégbọn kọ́ ló dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló lé Sùlè kúrò ládùúgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, oorun gbé e lọ, Ìyá Khairiyyah sì wá dúró síbi tó máa ń dúró sí, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Ganiat jí. "Mo ti ń lọ," ó sọ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.

Àwọn alápatà ni wọ́n júwe ọ̀nà fún un. Wọ́n ní Sùlè kò pa ẹran mọ́, ọkọ̀ ló ń bá àwọn èèyàn ṣọ́ ní Ọbáléńdé, ẹ̀yìn gáréèjì ló sì gba yàrá kan sí. Nígbà tí Ganiat débẹ̀, Sùlè ò sí nílé. Khairiyyah nìkan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wọ̀ pátápátá. Ó dá Ganiat mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n òkèèrè ló kúnlẹ̀ sí.

"Bàbá mi ò sí nílé, mà."

"Ìwọ náà ni mo wá bá." Ganiat na ọwọ́ láti fà á dìde. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, ẹ̀wà dà nù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí, mà. Ó lè wà lára mi."

"Kí ló lè wà lára ẹ?"

"Nǹkan tó pa màmá mi. Èmi ni mo ń nu ẹnu wọn nílé, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ọsibítù." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ ilé ìwé. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àdúà, mà. Ẹ ní màmá mi ló pa Àǹtí Bilqis. Mi kì í jẹ́ kí bàbá mi fi abọ́ mi jẹun. Mi ò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà yẹn."

Ganiat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀wà tó fọ́n ká. Ó sọ ohun tí dókítà wí: eégbọn, ìdílé méjì tó pàdé nínú ọkọ̀ ẹran, àwọn àṣìṣe tí wọ́n ń kà. Ó ní ohun tó pa ìyá rẹ̀ kò dé ara ẹnikẹ́ni. Ó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í dúró de èèyàn fún ọdún méjì, bó bá máa mú un, ì bá ti mú un. "Ara ẹ mọ́," ó ní. "Irọ́ ni mo pa mọ́ màmá ẹ."

Khairiyyah gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá béèrè pé, "Ta ló wá pa Àǹtí Bilqis?"

Ọ̀rọ̀ "eégbọn" wà lẹ́nu Ganiat. Ó rọrùn láti sọ, kò sì ní jẹ́ irọ́. Ó gbé e mì.

"Èmi ni. Ara mi ló ti kó o. Imú mi ṣẹ̀jẹ̀, ó bá mi nù ún. Mo wá gbé ikú ẹ̀ lé màmá ẹ lórí níwájú gbogbo ayé."

Ó dúró kí ọmọ náà bú òun. Ó ti múra èébú sílẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, kódà ó fẹ́ ẹ. Àwọn kọ̀ndọ́ ń pe èrò ní gáréèjì, ẹnìkan ń lu páànù níbìkan. Khairiyyah rọra kúnlẹ̀ padà síbi tó wà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà," ó ní.

Ganiat bú sẹ́kún. Òun ló wọ ilé ọmọ yìí pẹ̀lú igbá àti ọṣẹ, tó wẹ ìyá rẹ̀, tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kò padà lọ kí i. Ìkíni tí àjèjì pàápàá máa ń fún ọlọ́fọ̀ láàárín ọ̀nà, kò rí i fún un láti ọdún méjì.

"Ìwọ náà, Khairiyyah, kú ará fẹ́ra kù ìyá ẹ."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ náà wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan, ẹyọ kan péré, ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ Ganiat, ó fà á sẹ́yìn kíá, ó sì ń wo ojú rẹ̀, bóyá nǹkan kan máa ṣe é.